Èènì Tí Kọ̀ǹpútà Kò Mọ̀

                                                            Àdúgbò Ìloro,
                                                            Àpótí Ìfìwéránṣẹ́ 217,
                                                            Ọ̀wọ̀,
                                                            Ìpínlẹ̀ Òǹdó.
                                                            Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kejìlá, 1998.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Bọ̀dá Sylvanus,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá símẹ́ńtì, ẹ sì kú ọyẹ́, nítorí mo mọ̀ pé ti Ìlọrin máa ń ṣáájú tiwa dé. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ìyàwó wa ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé Olúyọmí ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ bá mi kí i kú oríire, kí ẹ sì sọ fún un pé kó má ra ìwé tuntun níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ bá ní èyí tó ti lò. Ní tiwa níbí, ara le, a dúpẹ́. Lábísí ìyàwó mi ń kí yín, àwọn ọmọ náà ń kí yín. Mo lọ sí Isuada ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Ìyá wa jẹun dáadáa, wọ́n bá mi jà pé mo gbẹ, wọ́n sì di iṣu fún mi pé kí n máa gbé e lọ. Mo ní n kò lè sanwó ẹrù iṣu lórí ọ̀kadà. Wọ́n ní ṣé orí mi ń dùn mí ni. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ru iṣu wọ Ọ̀wọ̀, tí àwọn ènìyàn ń kí mi kú oko.

Ẹ má bínú pé ojú bébà méjèèjì ni mo kọ lẹ́tà yìí sí. Ọ̀gbẹ́ni Isaiah, olùkọ́ tó ń padà sí Ìlọrin, ló bá mi mú un dání. Kò ná mi ní sítáǹbù, mo wá rò pé kò yẹ kí n tún máa fi bébà ṣòfò.

Láti oṣù kẹsàn-án ni ẹ ti kọ̀wé sí mi pé kí n wá bá yín mójútó ìsọ̀ símẹ́ńtì yín. Mo dá yín lóhùn pé kí ẹ fún mi di oṣù kejìlá, n kò sì sọ ìdí rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti máa rò pé ìgbéraga ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Mo fẹ́ dúró ní Ọ̀wọ̀ bí mo bá lè dúró ni. Ilé tí mo ń kọ́ kò tíì ní òrùlé, àwọn ọmọ wà ní ilé-ìwé, bí mo bá sì kúrò níbí, ta ni yóò máa lọ wo Ìyá ní Isuada? Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ní ọsibítù Dókítà Ajíbọ́lá ti wà lórí òṣùwọ̀n láti ìgbà náà, n kò sì fẹ́ fún yín ní èsì tí n óò tún yí padà.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ, nígbà tí Dókítà ra kọ̀ǹpútà. Wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì wọn, wọ́n ní kí n jókòó, ìyẹn nìkan ti tó láti dẹ́rù bà mí. Wọ́n ní, "Boniface, mo fẹ́ dán ẹ̀rọ yìí wò fún oṣù mẹ́ta. Òun ni yóò máa ra ọjà wa. Bó bá rà á dáadáa jù ọ́ lọ, n kò ní lè máa sanwó oṣù fún ẹni tó ń wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn mọ́. Bí kò bá rà á dáadáa, màá tà á, ìwọ á sì máa bá iṣẹ́ rẹ lọ." N kò bínú sí wọn. Bí ọsibítù náà bá jẹ́ tèmi, bí màá ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

Ẹ mọ bí mo ṣe ń ra ọjà tẹ́lẹ̀. Lóṣooṣù ni mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì láti Ọ̀wọ̀, ó di Àkúrẹ́, ó di Iléṣà, ó di Ifẹ̀, títí n óò fi dé Ìbàdàn ní ìsọ̀ Alhaji Múdàṣírù, tí ń ta oògùn àti ohun èlò ọsibítù ní páálí páálí. Màá ṣí páálí kọ̀ọ̀kan, màá wo ọjọ́ tí ohun inú rẹ̀ yóò bàjẹ́, màá ná ọjà títí Alhaji á fi bú mi, lẹ́yìn náà la ó kó o sẹ́yìn ọkọ̀ tí èmi náà yóò wọ̀ padà. Owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, owó ẹrù àti owó alábàárù ń lọ bí ẹgbàá náírà lóṣù, bí mo tilẹ̀ ń mú búrẹ́dì dání láti ilé kí n má baà ra oúnjẹ lọ́nà.

Láníyì, ọmọ Alhaji tó ti ìlú òyìnbó dé, ló gbé ọ̀nà tuntun kalẹ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà kan sí ìsọ̀ bàbá rẹ̀, ó sì sọ fún àwọn oníbàárà ńlá pé bí àwọn náà bá ra tiwọn, ẹ̀rọ méjèèjì á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú wáyà tẹlifóònù. Ohun tí a bá tẹ̀ sí i ní Ọ̀wọ̀ á jáde lórí bébà ní Ìbàdàn. Wọn á kó ọjà sínú bọ́ọ̀sì, dírẹ́bà á já a sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ọsibítù, Dókítà á sì san owó sí báǹkì. Ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú kan, Fúnmiọlá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Pólì tiwa níbí, ni Dókítà gbà láti máa tọ́jú ẹ̀rọ náà. Ọmọ náà mọṣẹ́, ó sì ní ìtẹríba. Ó gba rìsíìtì ọdún méjì lọ́wọ́ mi, ó tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà sì ṣe ìṣirò iye tí a ń lò lóṣù nínú ohun gbogbo, látorí dírípù, ìyẹn omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára, títí dé orí òwú àti ìbọ̀wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò bi mí léèrè ohun tó kù láti rà mọ́. Iṣẹ́ tèmi kò ju pé kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n ka ẹrù nígbà tí bọ́ọ̀sì bá dé.

Inú kọ́kọ́ bí àwọn nọ́ọ̀sì, nítorí wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù sí yàrá kọ̀ǹpútà nígbà tó jẹ́ pé fáànù kan ṣoṣo ló wà ní yàrá ìgbẹ̀bí, òun náà a sì máa ké bí ẹyẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ní ọ̀sán gangan, olúkúlùkù wọn ló máa ń rí ìwé kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé wá fún Fúnmiọlá. Mátírọ́ọ̀nù Monica, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ní, "Bí mo bá tún ayé wá, kọ̀ǹpútà ni kí Ọlọ́run fi mí ṣe. Gbogbo ọmọ tí mo ti gbẹ̀bí wọn ní ọsibítù yìí, ẹnikẹ́ni ò ra atẹ́gùn fún mi rí."

Fúnmiọlá ní, "Ẹ̀yin náà, Mà. Tẹ́ ẹ bá di kọ̀ǹpútà, NEPA ni yóò máa pa yín lójoojúmọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Dókítà fi yọjú, kálukú sì rántí aláìsàn rẹ̀.

Ní oṣù kìíní ìdánwò náà, ẹ̀rọ borí mi, n kò ní parọ́ fún yín. Ọjà dé lásìkò, kò sí owó ọkọ̀ tèmi níbẹ̀, owó ẹrù tí a san fún dírẹ́bà kò sì tó nǹkan. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bóyá owó epo jẹnẹrétọ̀ àti ti tẹlifóònù á ju owó ọkọ̀ tèmi lọ, kò jù ú lọ. Mo lọ sílé, mo sọ fún Lábísí pé ó jọ pé Ìlọrin la ń lọ. Ó ń ṣa ẹ̀wà.

Ní oṣù kejì, ọ̀rọ̀ yí padà. Dírípù tán kí oṣù tó parí. Ìbọ̀wọ́ tán, òwú tán, bẹ́ẹ̀ iye tí ẹ̀rọ ní yóò tó wa náà ló wọlé. Ní oṣù kẹta, ó tún tán ṣáájú ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé aboyún kan wá láti Arimogija lórí ọkọ̀ tó ń kó kòkó, ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀, Mátírọ́ọ̀nù sì na ọwọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kò bá nǹkan kan. Wọ́n sáré lọ yá dírípù ní ọsibítù mìíràn. A dúpẹ́ pé obìnrin náà yè, ọmọ rẹ̀ náà yè. Ṣùgbọ́n Dókítà kò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni ní ọ̀sẹ̀ náà. Wọ́n pe Màmá Yẹ́misí, opó tó ń mú kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ọ̀ lọ́wọ́, lójú gbogbo wa.

Wọ́n ní, "Màmá, ẹ̀rọ ní páálí mẹ́wàá ló ń tó wa lóṣù. Mẹ́wàá wọlé. Ibo ló ń gbà jáde?"

Màmá ní, "Dókítà, ṣé dírípù ni mo fi ń mumi nílé ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa wá, ṣùgbọ́n omi ti lé sí Màmá lójú. Dókítà ní àwọn fún wọn di ìparí oṣù.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ibi tí mo wà. Bí ọjà bá ń tán báyìí, Dókítà á ta ẹ̀rọ, iṣẹ́ mi á sì kù sí mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Màmá Yẹ́misí ni yóò kọ́kọ́ lọ, orúkọ olè ni yóò sì gbé lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀. Èmi gan-an rò pé ẹnìkan ń jí i gbé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ àwọn tí mo ti bá ṣiṣẹ́ láti ọdún pípẹ́, mo ń wo báàgì wọn bí wọ́n ti ń lọ sílé. Kò dára.

Ní ìparí oṣù náà, bọ́ọ̀sì Ìbàdàn dé. Èmi àti Fúnmiọlá jọ ka ẹrù, páálí mẹ́wàá pé. Ẹsẹ̀ mi kàn gbé mi lọ sẹ́yìn ọkọ̀ ni, mo tẹ̀ ba, mo ń wo abẹ́ ìjókòó.

Dírẹ́bà ní, "Bàbá, kí lẹ sọnù síbẹ̀?"

Mo ní, "Èènì dà?"

Ó ní, "Èènì wo? Ṣé gààrí lẹ rà ni?" Ó fọn fèrè, ó lọ.

Ojú tì mí díẹ̀. Mo ń gbọn eruku orúnkún mi nù nígbà tí mo rí i pé Fúnmiọlá kò kúrò lójú kan, bíírò wà lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní, "Bọ̀dá, èènì wo lẹ ń bèèrè?"

Mo ní, "Èyí tí Alhaji máa ń fi lé e ni. Bí mo bá ra páálí mẹ́wàá, á ju ọ̀kan sí i."

"Páálí dírípù? Odidi?"

"Àti ti ìbọ̀wọ́. Àti ti òwú."

"Ẹ gbà mí o! Èènì ẹ̀pà ni mo mọ̀ ní Ìjẹ̀bú tiwa. Ibo lẹ wá ń kọ ọ́ sí?"

Mo ní, "Ibo ni màá kọ ọ́ sí? Owó wo ni mo san lé e lórí?"

Ó jókòó lé orí páálí, ó fi ọwọ́ lérí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nípa èènì yìí ní ọsibítù wa. Mátírọ́ọ̀nù mọ̀, Màmá Yẹ́misí mọ̀, Dókítà fúnra wọn mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń gba rìsíìtì èènì? Mẹ́wàá là ń rà, mọ́kànlá là ń lò. Mẹ́wàá ni rìsíìtì wí, mẹ́wàá náà ni ẹ̀rọ gbọ́. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú sítọ̀ọ̀ ló gbé wa la oṣù kìíní já. Àwa tí a mọ̀ kò rántí sọ ọ́, ọmọ tó ń tẹ ẹ̀rọ kò sì mọ̀ láti bèèrè.

Fúnmiọlá ló sáré lọ bá Dókítà. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n rìn lọ sí sítọ̀ọ̀ fúnra wọn, wọ́n sì bẹ Màmá Yẹ́misí lójú gbogbo wa bí wọ́n ti bi wọ́n léèrè lójú gbogbo wa. Màmá ní àwọn ti gbọ́, àwọn ti dárí jì, ṣùgbọ́n kí Dókítà fún àwọn ní dírípù kan kí àwọn tọ́ ọ wò, kí ẹ̀sùn má baà jẹ́ lásán. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ kejì ni Dókítà pe èmi àti Fúnmiọlá. Wọ́n ní bí ẹ̀rọ kò bá gba èènì, a jẹ́ pé Boniface ń rà á dáadáa jù ú lọ, àwọn á tà á kí ọdún tó parí. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí Ìbàdàn lọ bẹ Alhaji, bóyá yóò máa fún ẹ̀rọ ní ohun tó ń fún mi. Nígbà tí mo délé, Lábísí ní kí n lọ, ṣùgbọ́n kí n panu mọ́ níbẹ̀. Ó ní, "Jẹ́ kí ọmọ yẹn sọ̀rọ̀. Kò mọ ọjà ná." Mo ní mo ti gbọ́.

Bí a ṣe wọlé, Alhaji na ọwọ́ sí mi láti orí àga rẹ̀. "Ọmọ Ọ̀wọ̀! Ìwọ rèé! Mo ti rò pé wáyà tẹlifóònù gbé ọ mì ni." Mo kí wọn, mo bèèrè ara àwọn ìyàwó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bèèrè orúnkún wọn. Fúnmiọlá kúnlẹ̀, ó kà wọ́n létí ohun tó kọ sílẹ̀, ó sọ ọ́ dáadáa.

Alhaji gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹnu rẹ dùn. Ṣùgbọ́n èmi ò fún ọsibítù yín ní èènì rí. Boniface ni mo ń fún. Ó máa ń wá láti ọ̀nà jíjìn, ó máa ń kí mi, ó máa ń bá mi jà títí inú mi á fi dùn, màá wá ní kí wọ́n gbé ọ̀kan sí i. Ẹ̀rọ yín kò kí mi rí. Bó ṣe ń dé ló ń pariwo 'mẹ́wàá, mẹ́wàá.' Ta ni kí n wá fún ní èènì? Wáyà?"

Láníyì ní, "Bàbá, nínú òwò òde òní..."

"Dákẹ́. Ìwọ lo kó wa sí i." Alhaji yíjú sí mi. "Ìwọ náà, kí lo ti ń fi gbogbo èyí tí mo ń fún ọ ṣe?"

Mo ní, "Sítọ̀ọ̀ ni mo ń kó o sí."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Alhaji, kí ni kí n fi dírípù ṣe nílé?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí fìlà wọn fi bọ́ sílẹ̀. Fúnmiọlá ti ká bébà rẹ̀, ó ti ń wá bàtà. Ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ̀rọ ti pàdánù, iṣẹ́ mi ti padà sọ́wọ́ mi, n kò sì sọ ohun tó burú. Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ju kí n dìde kí n kí wọn pé ó dàbọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí. Láti kékeré, bí Ìyá bá rán wa lọ ra iyọ̀, n kì í lè rí iye kan tó lè wálẹ̀ kí n fi í sílẹ̀ lókè. Mo ní, "Alhaji, ẹ jẹ́ ká fi èènì sílẹ̀. Ẹ yọ ọ́ nínú owó ọjà."

Wọ́n ní kí àwọn kọ ọ́ sórí bébà, kí gbogbo oníbàárà rí i? Mo ní tiwa nìkan ni wọn yóò kọ ọ́ sí. Wọ́n ní àwọn á fi náírà mẹ́ta sílẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ní mẹ́wàá. Wọ́n búra. Mo rán wọn létí pé bí wọ́n ṣe búra ní ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ ta abẹ́rẹ́ fún mi nìyẹn, tí wọ́n sì tà á. Wọ́n gun márùn-ún, wọ́n dúró síbẹ̀, wọn kò gbérí mọ́. Mo wá ní kí wọ́n ṣírò ohun tí èmi gan-an ń ná wọn: àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì tó ń sọ páálí kalẹ̀ fún mi látàárọ̀, páálí tí mo ń ya kí n tó gbà pé ọjà inú rẹ̀ dára, iyán tí wọ́n ń fún mi jẹ.

Alhaji dìde jókòó dáadáa. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ rèé! Ọjọ́ tí o bá wá, iṣẹ́ mi kì í lọ. Ó dára. Bí ọsibítù yín bá fọwọ́ sí i pé ẹnikẹ́ni kò ní wá mọ́, pé ẹ̀rọ nìkan ni yóò máa rà, tí owó sì ń wọ báǹkì kí ọjà tó jáde, màá fi mẹ́jọ sílẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún."

Fúnmiọlá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká padà lọ bi Dókítà léèrè ná."

Mo mọ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó: mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, pẹ̀lú owó ọkọ̀ tèmi tí kò ní jáde mọ́, ó ju èènì lọ. Bí a bá padà sí Ọ̀wọ̀ láìfọwọ́ sí i, Alhaji á sùn, á jí, á sì ní márùn-ún ni òun sọ. Mo ní Dókítà ti rán wa. Mo ní ó ku ohun kan: ọjà èyíkéyìí tí kò bá ní tó ọdún kan mọ́ kó tó bàjẹ́, owó ẹrù tiwọn ni yóò gbé e padà, nítorí kò ní sí ẹni tí yóò máa ṣí páálí wò mọ́. Alhaji ní mo fẹ́ pa àwọn. Wọ́n gbà. Láníyì tẹ̀ ẹ́ jáde, bàbá rẹ̀ fọwọ́ sí i, èmi náà fọwọ́ sí i. Nígbà tí a ń jáde, Alhaji di ọwọ́ mi mú fún ìgbà díẹ̀.

Bí ọkọ̀ wa ti dé Ìkirè, mo ra dòdò fún Fúnmiọlá. Ó ní òun kò lè jẹ ẹ́. Mo ní kó jẹ ẹ́, mo ti sanwó. Ó jẹ díẹ̀, ó wá ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ fọwọ́ sí?"

Mo ní mo mọ̀.

"Kí ló dé tí ẹ fi ṣe é?"

Mo ní, "Iye tó dára ni."

Ó kọjú sí fèrèsé, ó ń fi ìka nu ojú. Mo bá a mú dòdò náà dání kó má baà dà sílẹ̀.

Dókítà ka ìwé náà, inú wọn dùn, wọ́n lu tábìlì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún un kà, tí wọ́n sì wo ojú mi. Wọ́n ní Màmá Yẹ́misí ti ń dàgbà, bóyá kí n gba kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ọ̀ lọ́wọ́ wọn. Mo ní rárá, ohun tí wọ́n ti fi ojú obìnrin náà rí lọ́dún yìí ti tó. Wọ́n ní àwọn á fún mi ní owó oṣù mẹ́ta dání, àwọn á sì kọ ìwé rere nípa mi. Mo dúpẹ́, mo sì gbà á, n kò ṣe bí ẹni tí kò fẹ́. Mátírọ́ọ̀nù ló bú mi. Wọ́n ní, "Boniface, nínú gbogbo ọjà tí o ti ná fún wa, ara rẹ nìkan lo tà lọ́pọ̀." Mo ní n kò rí ẹni tó fi kún un.

Lábísí bínú sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó ń fọ abọ́, ó bèèrè iye tí wọ́n ń gba yàrá kan ní Ìlọrin. Mo mọ̀ pé ó ti tán nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi, èsì mi rèé: mo ń bọ̀. Bí a bá ti ṣe ọdún tuntun tán, ẹ máa retí mi. Lábísí àti àwọn ọmọ yóò dúró níbí títí di oṣù keje, nítorí a ti san owó ilé-ìwé, n kò sì lè fi í sílẹ̀ fún wọn. Lábísí yóò máa lọ sí Isuada lọ́jọọjọ́ Àìkú títí di ìgbà náà. Ohun tí a ó ṣe nípa Ìyá lẹ́yìn ìyẹn, ojúkojú ni mo fẹ́ ká sọ ọ́, ó dùn mí jù kí n kọ ọ́. Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ẹ má sọ pé ẹbí ni wá, kí ẹ wá máa fún mi ní ohunkóhun tó bá wá sí yín lọ́wọ́. Ẹ dá iye kan fún mi lóṣù, kí ẹ sì jẹ́ kí n san owó yàrá mi. Bí iye náà bá kéré, a ó ná an.

Ẹ bá mi kí ìyàwó wa gidigidi. Ẹ kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kí àwọn ọmọ Ọ̀wọ̀ tí ẹ jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀, kí ẹ sọ fún wọn pé mo ní ohùn tẹ́nọ̀ bí wọ́n bá ń wá ọ̀kan. Ìyá ní kí n kí yín, wọ́n ní ó pẹ́ tí ẹ wá.

Kí n tó dé, ẹ dákun, ẹ bá mi fojú sí nǹkan kan. Nínú ọgọ́rùn-ún àpò símẹ́ńtì tó bá ti ilé-iṣẹ́ wá, mélòó ló ń fọ́ lọ́nà, ta ló sì ń kó èyí tó dà sílẹ̀?

Èmi ni àbúrò yín tó ń di ẹrù lọ́wọ́,

Boniface.